Owó mẹ́rin lórí tábìlì alágbẹ̀dẹ wúrà: èwo ni kí ẹ rà nínú owó wúrà ayé òyìnbó àti àwòkọ rẹ̀?

Owó mẹ́rin ló wà lórí tábìlì bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà lọ́jọ́ náà, ní Iléṣà, nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Èkíní ni pọ́n-ùn wúrà tí ìyá wa àgbà fi sílẹ̀, tí ọdún 1925 wà lára rẹ̀. Èkejì ni ṣílè fàdákà ti 1913, tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni owó wúrà kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n ya àwòrán owó àtijọ́ sí i, ó wà nínú ike, ìwé ẹ̀rí sì bá a wá. Ìkẹrin ló tóbi jù, òun ló sì ń dán jù: "ṣílè wúrà ayé òyìnbó" tí mo fi owó ara mi rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú wa dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ kò sì sú wọn rí. Ó ní, "Àǹtí, owó wúrà ayé òyìnbó ni mo fẹ́ fi ta Dádì lọ́rẹ. Mo rí oríṣi méje lórí fóònù. Àwòrán wọn jọra, iye wọn ò jọra rárá. Ẹ bá mi wò ó." Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí, ni mo bá ní kó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná, ká jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ wúrà.

Bàbá alágbẹ̀dẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Pọ́n-ùn ìyá àgbà wọ̀n ní gíráàmù 7.94, ṣílè fàdákà wọ̀n ní 5.5, owó kékeré inú ike wọ̀n ní 0.5. Nígbà tó kan ìkẹrin, bàbá kò wọ̀n ọ́n. Wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ìka tọ́ka sí etí rẹ̀, níbi tí wúrà ti ṣí díẹ̀ tí idẹ sì yọjú.

"Ọmọ mi, omi wúrà ni wọ́n fi pa á lára."

Ó dùn mí gan-an. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti fi han àwọn èèyàn pé wúrà ni. Ẹni tó tà á fún mi kò sì pa irọ́ tààrà: nígbà tí mo padà lọ ka ohun tó kọ, "àwòkọ pẹ̀lú wúrà 24 káráàtì" ló kọ. Wúrà 24 káráàtì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe pọ̀ tó ni kò sọ, èmi náà kò sì béèrè. Nítorí ìbéèrè tí mi ò béèrè yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ohun tí ẹ ń sanwó fún

Ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú iye tí wọ́n bá pe irú owó yìí. Èkíní ni wúrà tó wà lára rẹ̀. Èkejì ni ọjọ́ orí rẹ̀ àti bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ẹ̀kẹta ni àwòrán ara rẹ̀, pẹ̀lú ike, àpótí àti ìwé ẹ̀rí. Ẹ wá to owó mẹ́rin ti orí tábìlì síbẹ̀. Pọ́n-ùn ìyá àgbà ní wúrà púpọ̀ àti ọjọ́ orí díẹ̀. Ṣílè 1913 kò ní wúrà kankan, ọjọ́ orí ló fi ń yangàn. Owó kékeré inú ike ní wúrà díẹ̀, àwòrán ló pọ̀ níbẹ̀. Ìkẹrin, àwòrán lásán ni.

Ẹni tó ń tajà kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Yóò da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú gbólóhùn kan, "wúrà ayé àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n", ẹni tó ń rà ni yóò tú u palẹ̀. Àwa ọmọ Òṣómàáló, ìran tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó aṣọ fi jáde, kò yẹ kí irú nǹkan báyìí ṣòro fún wa. Wúrà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa pẹ̀lú: wọ́n ń wà á ní Ìtagùnmọ́dì àti ní Igun, ibi ìwakùsà ńlá ti Ṣẹ́gilọlá ní Ìlà-Oòrùn Àtàkúnmọ̀sà sì yọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 2021. Ẹni tó ń wa wúrà kì í sọ̀rọ̀ ìtàn kó tó gbé e sórí ìwọ̀n.

Kí n tó tẹ̀síwájú, àwòkọ yàtọ̀ sí ayédèrú. Àwòkọ kì í fi ara rẹ̀ pamọ́. Yóò ní ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí orúkọ ilé ìtẹ̀wó tó ṣe é, tàbí kí wọ́n kọ COPY sí i lára. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1973 sọ ọ́ di dandan pé kí COPY wà lára àwòkọ owó àtijọ́ tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ tàbí tí wọ́n kó wọ ibẹ̀. Ayédèrú ní tirẹ̀ ń purọ́ ọjọ́ orí. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé ayédèrú lè ní wúrà gidi nínú. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n tẹ ayédèrú pọ́n-ùn wúrà púpọ̀ ní Lẹ́bánónì, wúrà inú ọ̀pọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìdí ni pé pọ́n-ùn tí wọ́n ti tẹ̀ ń tà ju wúrà tí kò ní àmì lọ, àlàfo àárín méjèèjì ni èrè wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún tó wà lára owó kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Owó fàdákà ńlá ti Maria Theresa, tí àwọn oníṣòwò ná káàkiri Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, 1780 ló wà lára gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, ẹ má fi ọdún ara owó nìkan ra owó.

Pọ́n-ùn wúrà gidi

Èyí ni àwọn òyìnbó ń pè ní sovereign. Irú tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1817. Gíráàmù 7.988 ni ìwọ̀n rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22.05, wúrà rẹ̀ jẹ́ káráàtì 22. Ìtumọ̀ káráàtì 22 ni pé bí a bá pín in sí ọ̀nà 24, 22 jẹ́ wúrà, 2 tó kù jẹ́ bàbà tó mú un le kó má tètè jẹ. Wúrà gidi inú rẹ̀ wá jẹ́ gíráàmù 7.32. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbì kan, a óò padà sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ti máa rí Jọ́ọ̀jì Mímọ́ lórí ẹṣin tó ń pa ẹranko abàmì, iṣẹ́ ọwọ́ Benedetto Pistrucci ará Ítálì. Iwájú ni orí ọba tàbí ayaba ìgbà náà wà.

Ohun tó so pọ́n-ùn yìí mọ́ ìtàn àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí ni pé kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Sydney láti 1855 dé 1926, ní Melbourne láti 1872 dé 1931, ní Perth láti 1899 dé 1931, ní Ottawa láti 1908 dé 1919, ní Bombay ní 1918 nìkan, àti ní Pretoria láti 1923 dé 1932. Àmì kékeré ló ń fi ibi tí ó ti wá hàn: S ni Sydney, M ni Melbourne, P ni Perth, C ni Ottawa, I ni Bombay, SA ni Pretoria. Lára èyí tó ní Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹṣin dúró lé, lókè ọdún. Ti Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà ní àmì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba awò ìsọdi-ńlá lọ́wọ́ bàbá, ó tẹjú mọ́ ti ìyá àgbà, ó sì rí SA. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pariwo. Pretoria! A kò mọ ọ̀nà tó gbà débi àpótí ìyá àgbà ní Iléṣà, ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àpá kan wà létí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti jó òrùka mọ́ ọn nígbà kan kí ó lè ṣeé fi kọ́rùn. Àpá yẹn mú kí iye tí olùkójọ yóò san dínkù. Kò mú wúrà rẹ̀ dínkù. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ó ní irú àpá bẹ́ẹ̀, ẹ san iye wúrà, ẹ má san iye ọjọ́ orí.

Ní Ìlú Ọba, wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pọ́n-ùn wúrà ní 1957, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní. Ìwọ̀n kan náà, wúrà kan náà. Èwo ni kí ẹ mú nínú tuntun àti ti àtijọ́? Èmi yóò mú ti àtijọ́, èyí tí ọdún rẹ̀ wọ́pọ̀. Iye rẹ̀ máa ń sún mọ́ ti tuntun, ọjọ́ orí sì ti bá a wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àfi bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ èyí tí kò ní àpá kankan, tí wọ́n tẹ̀ ní àkànṣe kó máa dán bí dígí. Ìyẹn kò sí lára ti àtijọ́ tí ọwọ́ ti ń gbé kiri. Pọ́n-ùn ti ọdún tó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ayédèrú pọ̀ sí.

Bí pọ́n-ùn kan bá ti ju agbára lọ, ààbọ̀ rẹ̀ wà: gíráàmù 3.99, mìlímítà 19.3 ní fífẹ̀, wúrà gidi inú rẹ̀ jẹ́ 3.66.

Àwòkọ tí wọ́n fi wúrà ṣe

Èyí ló pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí lórí fóònù. Ilé ìtẹ̀wó kan, tàbí oníṣòwò kan, yóò mú àwòrán owó ayé ìjọba òyìnbó, yóò tún un tẹ̀ sára wúrà tuntun. Èmi kò kórìíra rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn dára lójú ju ojúlówó lọ, nítorí ẹ̀rọ òde òní ń yọ irun orí ọba ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ṣé owó tí ẹ ń wò kọ yìí, wúrà ni nígbà ayé rẹ̀?

Àwọn kan jẹ́ wúrà lóòótọ́. Pọ́n-ùn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Sydney ní 1855 kò ní Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ọ̀rọ̀ AUSTRALIA ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbangba. Pọ́n-ùn Adelaide ti 1852 wà, tí wúrà inú rẹ̀ níye lórí ju ṣílè ogún tí wọ́n ní kó jẹ́ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n lónìí. Mohur náà wà, owó wúrà tí East India Company tẹ̀ ní Íńdíà, tó ní kìnnìún àti igi ọ̀pẹ ní 1835: gíráàmù 11.66, káráàtì 22. Àwòkọ irú ìwọ̀nyí ní wúrà bá ìtàn mu. Bí ìwọ̀n àti káráàtì rẹ̀ bá tún bá ti ojúlówó dọ́gba, ohun tí ọwọ́ àwọn tó ná an dì mú ni ọwọ́ yín náà dì mú.

Àwọn mìíràn kò jẹ́ wúrà rí. Ṣílè tí Massachusetts tẹ̀, tó ní igi páìnì, fàdákà ni (1652 ni wọ́n kọ sí gbogbo rẹ̀ lára, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn). Dọ́là onihò ti New South Wales ní Australia, fàdákà ni: ní 1813 ni Gómìnà Lachlan Macquarie ní kí William Henshall lu ihò sí 40,000 dọ́là Sípéènì láàárín. Owó tó ní ihò di ṣílè márùn-ún, èyí tó jáde láti inú ihò di kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi tí yóò fẹ́ kó wọn sá lọ mọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi wúrà ṣe àwòkọ rẹ̀, owó tí kò sí láyé rí ni wọ́n ṣe, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ti ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Kò sí owó wúrà kankan tí wọ́n tẹ̀ fún lílò lórúkọ British West Africa (Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì). Oníní, ẹ̀pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, ṣílè méjì: kò sí wúrà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé "ṣílè wúrà Nàìjíríà ayé òyìnbó" wá, àwòkọ ni tàbí ayédèrú. Bí mo bá ti mọ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ṣáájú, owó mi ì bá wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ tún wo ìwọ̀n ṣáájú àwòrán. Orí ojú fóònù, owó gíráàmù 0.5 àti owó gíráàmù 8 tóbi bákan náà. Tiwa tó wà nínú ike fẹ̀ ní mìlímítà 11 péré, mo ní láti fi awò kà á. Ẹ béèrè gíráàmù, ẹ béèrè káráàtì, ẹ béèrè fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, ẹ sì ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó má fẹnu sọ ọ́ lásán. Iye ẹyọ tí wọ́n tẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdánilójú: owó tí ẹyọ 500 rẹ̀ wà, tí ẹni 50 péré fẹ́ rà, kò ṣọ̀wọ́n.

Èyí tí wọ́n fi omi wúrà pa

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí owó kan bá fẹ̀ ní mìlímítà 40, tó nípọn ní 3, tí omi wúrà ara rẹ̀ sì nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà, gbogbo wúrà ara rẹ̀ kò tó gíráàmù 0.06. Ọ̀pọ̀ ni omi wúrà tirẹ̀ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àwọn lẹ́tà bíi GP àti HGE lára rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ bíi plated, layered àti clad nínú ohun tí olùtajà kọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ó dára fún ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn án láìbẹ̀rù. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù. Iye tó yẹ kí ẹ san ni iye nǹkan ọ̀ṣọ́.

Ojúlówó tí kì í ṣe wúrà

Nǹkan tí mi ò rò pé mo máa bá pàdé nínú ìrìn yìí nìyí. Bàbá alágbẹ̀dẹ ní agolo kan lábẹ́ tábìlì, tó kún fún owó àtijọ́ tí àwọn oníbàárà fi sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n dà á síwájú wa.

Kọ́bọ̀ oníhò ló pọ̀ jù, èyí tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà. Láti 1907 ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ihò àárín yẹn rọrùn fún àwọn baba wa, nítorí wọ́n ti ń sin owó ẹyọ lókùn ṣáájú: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí ihò wà láàárín, kò sí àyè fún orí ọba, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ohun àrà kan fi ṣẹlẹ̀ ní 1936. Edward VIII gorí oyè ní oṣù kìíní ọdún náà, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, wọn kò gbé owó tó ní orí rẹ̀ jáde fún lílò. Ṣùgbọ́n ní ìhà tiwa, oníní, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ tó ní orúkọ rẹ̀ ti jáde, àwọn ìyá wa sì fi ra iyọ̀. H tàbí KN tí ẹ bá rí lábẹ́ ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àmì ilé ìtẹ̀wó ní Birmingham.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá a jáde nínú agolo náà, EDWARDVS VIII, 1936. Owó tí bàbá gbà fún un kò tó owó búrẹ́dì.

Ní ti fàdákà, láti 1913 ni àjọ tó ń mójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ti ń tẹ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ní fàdákà 925 nínú 1,000. Ṣílè kan wọ̀n tó gíráàmù 5.65. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, fàdákà wọ́n, láti 1920 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti fàdákà, ẹ wo ọdún àti àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àwọn tí Nàìjíríà ṣe ní 1959 náà wà níbẹ̀. Orí ayaba wà níwájú, ohun ọ̀gbìn wa wà lẹ́yìn: òwú lára tọ́rọ́, kòkó lára sísì, ewé ọ̀pẹ lára ṣílè, ẹ̀pà lára ṣílè méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, kọ́bọ̀ sì gba orúkọ owó tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún ti ná àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìṣirò kékeré tí ẹ lè ṣe lórí fóònù

Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta gíráàmù kan wúrà gidi lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ fi sọ nọ́ńbà wúrà gidi inú owó náà di púpọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú iye tí olùtajà pè ni ẹ ń san fún ọjọ́ orí àti àwòrán.

Ẹ jẹ́ ká fi 100 ṣe iye gíráàmù kan kó lè rọrùn. Wúrà inú pọ́n-ùn kan jẹ́ 732. Bí wọ́n bá pè é ní 790, 58 ni àfikún, bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Mo lè fara mọ́ ìyẹn. Wúrà inú àwòkọ gíráàmù 0.5 tó jẹ́ káráàtì 24 jẹ́ 50. Bí wọ́n bá pè é ní 150, 100 ni ẹ san fún ike, àpótí àti àwòrán. Kì í ṣe pé ó burú, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó san án. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ tà á nílùú Iléṣà, ìwọ̀n ni alágbẹ̀dẹ yóò gbé e lé, kò ní ka ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ń ra wúrà pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro kò gbọ́dọ̀ fi àwòkọ kékeré ṣe é. Bí ọjà bá ń ti òkèèrè bọ̀, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó ìfiránṣẹ́ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó parí ìṣirò.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò láìbà á jẹ́

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ha owó àtijọ́ mọ́ òkúta, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ásíìdì tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà fẹ́ràn kí nǹkan máa dán, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n olùkójọ kì í fẹ́ owó tí wọ́n ti fọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀: kì í fa wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fa idẹ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwọ̀n pẹ̀lú fífẹ̀. Wúrà wúwo ju bó ṣe hàn lójú lọ. Bí wọ́n bá fi idẹ ṣe ohun tó fẹ̀ tó nípọn bíi pọ́n-ùn gẹ́lẹ́, kò ní tó gíráàmù 4. Kó tó wọ̀n bíi pọ́n-ùn, ó gbọ́dọ̀ nípọn tàbí kó fẹ̀ jù, ojú yín yóò sì rí i.

Omi náà ń jẹ́rìí. Ẹ gbé ife omi sórí ìwọ̀n onínọ́ńbà tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà, ẹ rì í sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Pọ́n-ùn wúrà yóò fi bíi 0.45 hàn. Idẹ tó wọ̀n bákan náà yóò fi ohun tó lé ní 0.9 hàn. A ṣe é níbẹ̀, nínú ife tíì bàbá: 0.45. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí kò lè dá ayédèrú tó ní wúrà pípé mọ̀. Fún ìyẹn, ẹ fi àwòrán rẹ̀ wé ojúlówó lábẹ́ awò, kí ẹ wo lẹ́tà, eyín wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ àti ojú Jọ́ọ̀jì Mímọ́ fínnífínní. Bí iyèméjì bá kù, ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tí a mú

Ẹni tó ń fi wúrà pamọ́: pọ́n-ùn gidi tí ọdún rẹ̀ wọ́pọ̀, tàbí ààbọ̀ rẹ̀, mi ò rí ìkẹta. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ẹ̀rọ òde òní, tí kò sì ní tà á láéláé, kó mú àwòkọ owó tó jẹ́ wúrà nígbà ayé rẹ̀, láti ilé ìtẹ̀wó tó kọ ìwọ̀n àti káráàtì sílẹ̀ kedere. Ẹni tí ìtàn jẹ lógún, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, kó kọ́kọ́ yẹ àpótí àwọn ìyá rẹ̀ wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra ààbọ̀ pọ́n-ùn ti Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kan tó gbà ká wọ̀n ọ́n ká tó sanwó. Ó wọ̀n ní 3.98. Ó fi kọ́bọ̀ 1936 àti sísì oníkòkó ti 1959 kún un, ó kó wọn sínú àpótí kékeré kan, ó sì kọ ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpótí náà. Wọ́n dúpẹ́ fún wúrà, wọ́n dà á padà sínú àpótí. Sísì ni wọ́n gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka pa kòkó ara rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí sísì kan lè rà nílé ìwé wọn nígbà náà: àkàrà, ẹ̀pà, gúgúrú, kí ṣéńjì tún kù. Kọ́bọ̀ Edward kò kúrò lápò wọn láti ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi han gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ìjọ, wọ́n sì ń bi ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì wọ́n pé, "Ọba wo ló ni eléyìí?"